Igbà Ni Baba Kọ, Èmi Ni Mo Pè É Ní Igbá

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Tó bá yá, ẹ lè wá bú mi, ó tọ́ sí mi.

Ìwé kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Èèpo rẹ̀ búlúù, etí rẹ̀ ti ká. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín wà láàyè, kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti ẹnu ọ̀nà mi ní Peckham níbí dé ẹnu ọ̀nà tiwọn. Mo ti wo ojú wọn, mo sì ti sọ fún wọn pé kò sí lọ́wọ́ mi.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀, àwọn kan máa jókòó sórí ọ̀rọ̀ bàbá náà, láti mọ̀ bóyá orí wọn ṣì pé. Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Èmi. Ẹ wo ayé: olè ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó wá sọ bóyá olóhun ya wèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní sọ orúkọ mi. Mi ò kàwé púpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Mummy mi mú mi dé London. Mo fi súkúrù sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo lọ ń fọ mọ́tò ní Old Kent Road. Yorùbá tèmi, ti ẹnu ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti hu ìwà ìkà yìí tán ni mo tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá rí àmì lórí gbogbo nǹkan tí mo kọ síbí, ẹ má pè mí ní ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀.

Baba Ṣítù la máa ń pe bàbá náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì ní apá ibí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, wọ́n máa ń wá sí àsàlátù wa, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road. Ilé ìkẹ́rùsí ni nígbà kan. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́tùn-ún wa, ṣọ́ọ̀ṣì wà lósì. Tí a bá ṣe àdúà tán, tí tíì bá dé, àwọn àgbà yòókù á máa sọ̀rọ̀ káńsù. Baba Ṣítù ò ní bá wọn dá sí i. Ọ̀rọ̀ òkun ni tiwọn.

Òkun àwọn òyìnbó àtijọ́ ni mo ń wí, àwọn tí wọ́n ń wá ọ̀nà ojú omi lọ sí ilẹ̀ tí ata àti kànáfùrù ti ń wá. Bí Pọtogí ṣe ń bá Sípéènì du ọ̀nà. Bí eléyìí ṣe ń fi máàpù pa mọ́ fún ìyẹn, tí ìyẹn ń rán amí wá jí i. Baba kì í dárúkọ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà. Wọ́n ní orúkọ wọn ti pọ̀ tó lára ère àti lára òpópónà, pé ẹnu tàwọn kì í ṣe pátákó. Èmi náà ò ní dárúkọ wọn. Ìwọ̀nba ọ̀wọ̀ tó kù lọ́wọ́ mi, Baba ni mò ń fi fún.

Ẹ̀gàn tí Baba ń dà sí wọn lára, ó dùn ún gbọ́. "Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn," wọ́n á ní. "Ó lóun ń lọ Íńdíà. Ó gba ẹ̀yìn lọ. Ó bá ilẹ̀ mìíràn pàdé. Wọ́n ní, ọ̀gbẹ́ni, ibí kọ́. Ó ní irọ́ ni, ibẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbọ́ o. Èèyàn wọ bọ́ọ̀sì Stockwell, ó sùn lọ, ó jí ní àdúgbò Elephant, ó wá ń pe gbogbo ará Elephant ní ará Stockwell. Títí ó fi kú! Wọ́n sì gbẹ́ ère fún un."

A á rẹ́rìn-ín títí tíì á fi tutù.

Ọjọ́ kan, Tàófíìkì dá sí i. Ẹgbẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n yunifásítì ni òun ń lọ. Ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn ló ṣàwárí ọ̀nà náà."

Baba gbé ife sílẹ̀. "Àwárí? Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ohun tó bá sọnù làá wá rí. Ta ló sọnù níbẹ̀? Èmi tí mo wa bọ́ọ̀sì láti Peckham dé Elephant fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣé èmi ni mo ṣàwárí Elephant?"

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí Baba kì í ti í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà tí Pọtogí yí ilẹ̀ Áfíríkà po, tó dé etíkun ìlà-oòrùn, kò mọ ibi tó kàn. Ọmọ Mùsùlùmí kan ló wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, tó tọ́ ọ sọ́nà sọdá òkun dé Íńdíà. Àwọn kan ní Lárúbáwá ni. Àwọn kan ní ará Íńdíà fúnra rẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí. Baba á wá sọ jẹ́jẹ́ pé: "Wọ́n kọ orúkọ èrò sínú ìwé. Wọ́n gbàgbé dírẹ́bà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Nǹkan tí mo ṣe nìyẹn.

Baba ti kọ gbogbo ìtàn náà sínú ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọwọ́ wọn ti wá ń gbọ̀n. Aunty Sìdí, ọmọ wọn tí wọ́n jọ ń gbé, London níbí ni wọ́n bí i sí, kò lè ka Yorùbá. Ni Baba bá pè mí lọ́jọ́ kan níbi tí a ti ń wọ bàtà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ohùn ẹ dùn. O sì mọ fóònù í tẹ̀. Bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè rí i kà."

Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ṣí i, mi ò rí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀. Mo ní, "Baba, ẹ ò fi àmì sí i."

Baba rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, kí ló fẹ́ fi àmì ṣe?"

Lóòótọ́ ni. Mo gbọ́ Yorùbá. Yorùbá Peckham ni mo gbọ́. Baba gbọ́ Yorùbá oko bàbá tiwọn lẹ́bàá Ìkirè. Akọpẹ ni bàbá wọn. Òun ló ń gun ọ̀pẹ, tó ń kọ ẹyìn fún gbogbo abà.

Láàárín oṣù yẹn, obìnrin òyìnbó kan wá sí gbọ̀ngàn wa láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan létí odò. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, wọn ò mọ nǹkan kan nípa ìwà mi. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe àfihàn nípa ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tó du ọ̀nà òkun láyé àtijọ́. Àwọn fẹ́ ọ̀dọ́ kan láti àdúgbò wa tó máa fi èdè ilé rẹ̀ sọ ìtàn náà. Ohùn rẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa máa gbọ́ níbẹ̀. Wọ́n á sì gbà á síṣẹ́ fún ọdún kan, kó máa mú àlejò yí ká. Ọmọ ọdún méjìdínlógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fẹ́. Mo jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ọṣẹ mọ́tò ti bó ìka mi nígbà yẹn, tí mo bá di ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ á yọ.

Tàófíìkì ní òun máa fi orúkọ òun sílẹ̀. Mo ní èmi náà. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Bro, ìwọ? Ìwé ni wọ́n ń wá, wọn ò wá kànìnkànìn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo délé, mo ṣí ìwé Baba. Mo da ojú ewé mẹ́rin tó dára jù kọ. Mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà, mi ò ní tan yín. Mo wá àwíjàre. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Baba, wọn ò tiẹ̀ lè gba fọ́ọ̀mù tiwọn. Mo ní tí mo bá wọlé tán, màá sọ ẹni tó kọ ọ́. Àwíjàre àwọn Pọtogí náà nìyẹn. Àwọn náà ní ẹni tó ni ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n lò. Èmi àti Tàófíìkì, ẹ wò wá bí a ṣe ń jà sí ohun tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wa. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé Tàófíìkì jókòó, ó kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

Wọ́n mú mi. Tàófíìkì ò wọlé.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀, mo dé ibì kan nínú ìwé. Bí Baba ṣe kọ ọ́ láìsí àmì rèé: *Oba meji n ja lori omi ti ki i se tiwon. Olori ijo won ba won pin in. Won fi igba de okun.*

Mi ò mọ̀ ju igbá lọ. Igbá tí wọ́n fi ń mu omi. Mo kà á pẹ̀lú ìgboyà: wọ́n fi igbá dé òkun. Mo rí i bí ọmọrí, bí ẹni dé ìkòkò ọbẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé ó jinlẹ̀.

Obìnrin yẹn ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ sí àyà. Omi lé sí i lójú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ báyẹn rí.

Wọ́n lọ wá igbá. Igbá ńlá kan tí wọ́n fín, tó fẹ̀ bí àgbá. Wọ́n fi wáyà gbé e kọ́ sókè máàpù òkun, wọ́n tan iná sí i lára. Wọ́n kọ gbólóhùn náà sára ògiri, orúkọ mi sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń dúró lábẹ́ igbá yẹn nínú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́. Àlejò á bi mí pé kí ni igbá jẹ́ fún àwọn Yorùbá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dá. Mo ní igbá ni àwọn bàbá wa fi ń wo ìrìn ìjì. Mo ní ọba kì í rí òkun àfi látinú igbá. Irọ́ gbuu. Wọ́n á mi orí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń fojú tín-ín-rín wọn. Mo ní, ẹ wo àwọn arìndìn yìí. Ṣùgbọ́n ta ni arìndìn? Ẹni tó gba irọ́ gbọ́ ni, àbí ẹni tó ń jí tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì láti lọ pa á?

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, Baba dá mi dúró níbi bàtà.

"Ọmọ mi, ìwé mi ńkọ́? Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́ tán?"

Ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà o. Kì í ṣe ojú ewé mẹ́rin yẹn. Ibí ni.

Mo ní, "Ha, Baba, mo ti dá a padà fún yín."

"O ti dá a padà?"

"Ẹ ò rántí ni? Lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ yẹn. Ẹ tiẹ̀ fi í sínú àpò ọ̀rá kó má baà tutù."

Mo fi òjò kún un. Mo fi àpò ọ̀rá kún un. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá sí mi lẹ́nu. Baba wò mí. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń wá òjò yẹn kiri nínú orí wọn. Wọ́n wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni? Ó dáa. Ogbó ti ń dé nìyẹn."

Baba lọ sílé, wọ́n lọ wá a. Aunty Sìdí dé láti ibi iṣẹ́, ó bá ìkòkò nílẹ̀, aṣọ nílẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Baba jókòó sáàárín wọn, wọ́n ń ṣí àpò ọ̀rá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni Aunty pè pé kí n wá bá àwọn ti kọ́bọ́ọ̀dù padà. Mo lọ. Mo fi ọwọ́ ara mi tì í. Aunty sin mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ. Daddy ti ń gbàgbé nǹkan o." Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Aunty."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tú ilé yẹn.

Nígbà tó yá, àwọn ará àsàlátù ní àwọn fẹ́ wá wo ọmọ àwọn níbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n wọlé, Baba wà láàárín wọn pẹ̀lú fìlà funfun. Kálukú gbé ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, ohùn mi ń jáde níbẹ̀. Mò ń wo Baba.

Baba tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà, ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi: ẹnu Baba ń ṣíwájú ohùn mi. Wọ́n ti ń sọ gbólóhùn kí n tó sọ ọ́. Inú wọn dùn! Ó dà bí ẹni rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù lójú títì. Mo rò pé bóyá ó máa tán síbẹ̀.

Ni wọ́n bá dé ibi igbá. Baba yọ ohun ìgbọ́rọ̀ létí. Wọ́n gbójú sókè.

"Ta ló gbé igbá síbẹ̀?"

Gbogbo èèyàn yíjú. Baba ní, "Ta ló gbé igbá síbẹ̀? Igbà ni mo kọ! Igbà! Okùn ni!"

Aunty Sìdí sáré dé. "Daddy, ẹ rọra. Òkun náà ni wọ́n sọ. Ẹ wò ó, òkun rèé lára ògiri."

"Mi ò sọ òkun! Okùn! Okùn ni mo wí!"

"Òkun náà ni, Daddy. Ẹ jọ̀ọ́."

Ohùn tó ń lọ sókè àti ohùn tó ń wálẹ̀, ọ̀kan náà ni létí Aunty. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Baba wá rí i pé ẹnu ò gbà á mọ́. Wọ́n lọ bá òpó kan nínú yàrá náà, wọ́n na apá yí i ká, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé e lára, wọ́n fara sẹ́yìn bí ẹni tí nǹkan so ìdí rẹ̀ mọ́ òpó. Fìlà wọn já bọ́. Àgbàlagbà ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ń gun òpó nílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọmọ òyìnbó kan gbé fóònù jáde.

Nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, èmi nìkan ló yé. Ó yé mi lójijì, bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí mi lára. Igbà. Okùn tí akọpẹ fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Ọba méjì tí wọ́n ju igbà mọ́ ọ̀pẹ olọ́pẹ, tí wọ́n ń bá ara wọn jà pé ta ló máa gùn ún. Wọ́n fi igbà de òkun. Ohun tí Baba kọ nìyẹn. Orí Baba pé ju ti gbogbo wa lọ. Àwa ni a gbé igbá kọ́.

Ẹ̀ṣọ́ dé. Ó bi mí bóyá mo mọ bàbá yìí. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́. Mo ní mo mọ̀ wọ́n. Mo ní ara wọn ni kò yá. Mo fi ìka kan orí mi báyìí.

Baba rí ìka náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni dókítà ti wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan wá sílé, ó bi Baba bóyá ẹnì kan mú nǹkan wọn. Baba ní Yorùbá pé, "Wọ́n sọ igbà mi di igbá." Aunty Sìdí túmọ̀ rẹ̀ fún un tẹkún-tẹkún pé Daddy ní wọ́n sọ igbá àwọn di igbá. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aunty fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, nítorí èmi ni ọmọ dáadáa tó ń wá kí wọn.

Ní Àlàmísì, àwọn dókítà àti àwọn ará káńsù fẹ́ pinnu bóyá kí Baba lọ sí ilé àwọn arúgbó kan lẹ́yìn ìlú. Aunty ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè máa lọ síṣẹ́ kí òun máa bá ilé ní títú. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa ìwé yẹn. Ṣáà wá sọ fún wọn pé o dá a padà, pé Daddy ni ò rántí." Mo gbé orí sókè, mo gbé e sílẹ̀. Ó rò pé mo gbà nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn àsàlátù, mo lọ kí Baba. Àga wọn wà lójú fèrèsé, wọ́n ń wo bọ́ọ̀sì tó ń kọjá nísàlẹ̀. Mo jókòó. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìwé. Wọn ò sọ̀rọ̀ òkun. Mo ní, "Baba, ẹ fún wa ní ti ará Stockwell yẹn." Wọ́n ní àwọn ò rántí ẹ̀ dáadáa.

Wọ́n wá mú ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti rò ó sí ọ̀tún, mo rò ó sí òsì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà yẹn. Bóyá igbá ni mo kọ."

Mo yí ojú sí fèrèsé.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ ò lè máa parọ́ mọ́ mi. Igbá náà ni."

Ẹ̀yin èèyàn, mo ti bá Baba ṣẹ̀sín àwọn olè ojú omi yẹn fún ọdún mẹ́ta. Mo tutọ́ sí wọn lára. Ṣùgbọ́n àwọn náà, nígbà tí wọ́n gba ọ̀nà lọ́wọ́ dírẹ́bà tán, wọn ò padà lọ bá a nílé láti sọ fún un pé kò mọ ọ̀nà rí. Èmi ṣe é. Èmi tí mo ń fọ mọ́tò ní Old Kent Road, mo ya ìkà ju Pọtogí lọ.

Mo délé, mo fa ìwé náà jáde. Mo ṣí ibi gbólóhùn yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwòrán kékeré kan wà tí Baba fi bírò yà. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo rò pé agbòjò ni. Mo wò ó dáadáa. Igi ọ̀pẹ ni. Èèyàn kékeré kan wà lára rẹ̀, ìlà róbótó kan sì yí òun àti igi náà ká. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé náà ni igbà ti wà níbẹ̀, lójú mi kòrókòró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Baba nìkan? Tí mo bá fún wọn níkọ̀kọ̀, Aunty á sọ pé wọ́n rí i nínú ẹrù wọn ni, ẹjọ́ náà ò ní yí padà. Tàbí kí n gbé e lọ síwájú gbogbo wọn ní Àlàmísì, kí n ṣí ojú ewé náà, kí n sọ ohun tí mo ṣe? Iṣẹ́ á lọ. Mummy mi á gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn. Tàófíìkì á rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó rín in, ó ti tọ́ sí i tipẹ́. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí Baba ti gba irọ́ mi gbọ́ débi pé tí mo bá gbé ìwé síwájú wọn, wọ́n á bi mí pé ìwé ta ni.

Mo rò pé mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Mo ti fi ìwé náà sínú àpò ọ̀rá kan báyìí, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ṣáà sọ fún mi bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Tí Baba bá wọlé ní Àlàmísì, tí wọ́n jókòó, kí ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi?

Mo ti ń kọ́ ọ nínú yàrá mi níbí. Mò ń rọra gbé ohùn mi sílẹ̀ ní ìparí rẹ̀, kó má tún lọ sókè mọ́. Igbà. Igbà ni ẹ kọ, Baba. Ẹ dárí jì mí. Igbà ni.